Ilé Tí Kì Í Jò Nígbà Ọyẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe rí, kó má wò ó nígbà Kérésìmesì. Gbogbo àwa tí a ń gbé òkè òkun, ìgbà Kérésìmesì là ń wálé. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú, ọ̀dà ara ògiri ń dán. A ó rìn yíká ilé tí wọ́n bá wa kọ́, a ó fọwọ́ gbá ògiri, a ó máa mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ kọngílá. Kò sí ilé tó ń jò nígbà ọyẹ́. Ilé ẹyẹ gan-an kì í jò nígbà ọyẹ́.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá ẹlòmíràn ni mò ń wẹ̀, ìyá ẹlòmíràn ni mò ń fi ṣíbí bọ́, tèmi wà ní Ayédé-Èkìtì nínú ilé alámọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Ògiri ẹ̀yìn ilé náà ti tẹ̀, igi ni wọ́n fi tì í. Èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù fún Màmá. Mo bá pinnu pé n ó wó ilé náà, n ó kọ́ òmíràn sójú rẹ̀: yàrá ńlá kan tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ fún Màmá, àwọn yòókù fún èmi àti àwọn ọmọ mi nígbà tí a bá wálé sinmi. Màmá gbà. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ.

Ó ní, "Yàrá temi, iwájú ni kó wà, níbi tí mo ti ń sùn látijọ́ tí bàbá rẹ ti gbé mi wọ ulé. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ oko láàárọ̀."

Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìbéèrè yẹn kò tilẹ̀ gbà wá lásìkò. Ọmọ àbúrò Màmá wà nílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ó ti di kọngílá, ó ní ọ̀kadà, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ Màmá ló dàgbà sí. Inú abọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀ ti jọ jẹun, àbúrò mi pátápátá ni. Ẹni bá ní irú rẹ̀ nílé tó lọ ń wá bíríkìlà níta, àwọn ará ilé yóò bi í pé kí ló dé. Tiwa-n-tiwa.

Mo fi àwòrán ilé kan ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Ògiri ilé náà ga kọjá òrùlé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò lè rí páànù rárá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú nígbà náà ni, ó sì wọ̀ mí lójú. Mo bi í lórí fóònù bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Uṣẹ́ wa nìyẹn."

Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ wa, oníṣẹ́ ọwọ́ kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun kò mọ iṣẹ́ kan ṣe. Àfojúdi ni wọ́n ń kà á sí, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ oúnjẹ tí àgbà gbé síwájú rẹ̀.

A ṣílé nígbà Kérésìmesì. Àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn akọrin kọrin, a se ìrẹsì, a pa ewúrẹ́. Àbúrò mi wọ agbádá, ó ń gba ìkíni lẹ́nu ọ̀nà bí ọkọ ìyàwó. Màmá jó wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí ibùsùn tuntun, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ ìta lè wọlé. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ń fi fọ́tò ilé mi han àwọn ará ibi iṣẹ́.

Oṣù Ẹrẹ́nà ń parí lọ nígbà tí Màmá pè mí lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn fóònù alágbèéká yẹn kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Kò kí mi dáadáa.

"Ọmọ mi, òjò rọ̀ lánàá. Àti ìta àti ulé, ọ̀kan náà ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Omi tó bá rọ̀ sórí páànù, ẹ̀yìn ògiri gíga yẹn ló ń ṣàn lọ, inú gọ́tà kan tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Ó yẹ kí gọ́tà náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ṣe é pẹrẹsẹ bí tábìlì. Omi á dúró síbẹ̀, á kún, á wọ abẹ́ páànù, á wá balẹ̀ sórí ibùsùn Màmá, nítorí iwájú ni yàrá rẹ̀ wà. Ilé ìwẹ̀ náà tún ní tirẹ̀: ilẹ̀ rẹ̀ dà sí ọ̀nà yàrá dípò kó dà sí ihò omi, bí Màmá bá wẹ̀ tán, omi ọṣẹ á máa bá a bọ̀ níbi ibùsùn. Ilẹ̀kùn sì wú, kò ṣeé tì.

Màmá kó aṣọ rẹ̀ díẹ̀, ó lọ sí ilé kejì, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ yìí, aṣọ ló ń tà, àwọn méjèèjì ti jọ ń gún iyán pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun ní àdúgbò. Yàrá ẹ̀yìn ni ó fún Màmá. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Màmá ní kò burú, àwọn á tún ilé ṣe láìpẹ́.

Láìpẹ́! Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń ra káàdì tí wọ́n fi ń pe fóònù, mo ń pe àbúrò mi. Kì í bínú, kì í jiyàn, kì í sọ pé òun kò jẹ̀bi. Bó bá tilẹ̀ bá mi jà, ara ì bá tù mí. "Àǹtí mi, ọ̀la ni, lágbára Ọlọ́run." Ọ̀la á dé, á kọjá. Nígbà tó bá wá lọ lóòótọ́, ọjọ́ tí oòrùn mú ganrín-ganrín ni. Á gorí ilé, á fi ọ̀dà dúdú kun ojú kan, á sọ̀ kalẹ̀, á jẹ iyán lọ́wọ́ Màmá, á lọ.

Kérésìmesì tún dé, mo tún wálé. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ó mú mi yíká, ó ti fi ọ̀dà funfun kun ibi tí omi ti ba sílíìn jẹ́, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Màmá ti padà sí yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dá àwọn tó ń lọ oko lóhùn láti ojú fèrèsé, tó ń bèèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn, tó ń bèèrè aya. Mo ní ó ti parí. Òmùgọ̀ ni mí. Òjò àkọ́rọ̀ dé, Màmá tún di aṣọ rẹ̀, ó tún kọjá sí yàrá ẹ̀yìn.

Ìyẹn ni mo fi pinnu pé n ó wálé nígbà òjò. Mo bẹ ọ̀gá mi títí, ó fún mi láyè. Mo dé, mo rí Màmá. Ó ti rù, ó ń wúkọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ilé tirẹ̀ láti wá wo bí omi ṣe ń kán. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò ní wọlé.

Ó ní, "Ulé ọ̀rẹ́ mi dára, wọn ò fi nǹkan kan dùn mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sùn ní ulé mi kí n tó lọ bá bàbá rẹ. Ìyẹn nìkan ni."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo gbọ́ irú ikọ́ tó ń wú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òyè, wọ́n ní àbúrò mi wà ní Ìkọ̀lé. Mo wọ takisí lọ sí Ìkọ̀lé, wọ́n ní ó ti lọ sí Ọ̀tùn. Òjò pa mí bí ẹni tí kò nílé. Lọ́jọ́ kejì mo dé Ọ̀tùn, mo bá a lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ń kọ́ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ jẹ oyè. Mo gbójú sókè wo ilé náà. Ògiri rẹ̀ ga kọjá òrùlé bíi tèmi, òjò sì ń rọ̀, omi ń tú jáde láti inú gọ́tà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí kò jò. Orí ilé mi ni àbúrò mi ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí onígbàjámọ̀ tó fi orí ará ilé kọ́ irun fífá.

Bó ti rí mi ló sọ̀ kalẹ̀, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Àǹtí mi! Ẹ kú abọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà!" Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń bú ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nítorí yín. Gbogbo èébú tí mo ti tò sẹ́nu láti Ayédé ni mo gbé mì.

Mo ní, "Dìde. Kí ló dé tí o fi ń ṣe ti olóyè, tí ti Màmá wà nílẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Àǹtí, oyè ti sún mọ́lé. Bí n kò bá parí ẹ̀, olóyè á pè mí lẹ́jọ́, á bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin lẹ ni mí."

Ẹ̀yin lẹ ni mí. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹni tó jẹ́ tìrẹ ló máa ń fi ọ́ sẹ́yìn, nítorí ó mọ̀ pé o kò ní ibi tí o fẹ́ lọ.

Ó wá lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun àti kápẹ́ńtà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ṣí páànù orí yàrá Màmá, wọ́n já sílíìn, wọ́n fọ́ ìdajì gọ́tà. Màmá gbé àga síta, ó ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, wọn ò dé. Ọjọ́ kẹta, wọn ò dé. Fóònù àbúrò mi ti kú. Òjò ń rọ̀ sínú yàrá tí kò lórí mọ́, ibùsùn tí mo rà wú, ó fọ́. Ilé tó ń jò ti di ilé tí kò ní òrùlé, iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n pè é.

Mo ní n ó lọ sọ fún ọlọ́pàá ní Òyè. Màmá di aṣọ mi mú.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ti ọmọ àbúrò mi mọ́lé nítorí páànù, kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá rẹ̀ tí mo bá dé ọ̀hún?"

Mo ní kò burú. Mo wá bíríkìlà mìíràn rí ní Odò-Orò, àgbàlagbà tí gbogbo èèyàn ń yìn. Ó wá, ó gorí ilé, ó wò ó, ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mú ọkọ́ ìrẹ́lé rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ yín sì ni. Àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí n ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní mo wọ àárín ọmọ ìyá méjì."

Mo gbé owó síwájú rẹ̀, kò wò ó. Mo lọ bá ẹlòmíràn ní Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Gbogbo wọn mọ ara wọn. Mo wà ní ìlú mi, láàárín èdè mi, kò sì sí ẹni tó lè kan páànù kan mọ́ orí ìyá mi, àfi ẹni tí kò fẹ́ kàn án. N kò mọ ibi tí mo lè yí sí mọ́. Mo pe Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n fi ọjọ́ kún ìsinmi mi. Wọ́n ti fi kún un rí, wọ́n ní rárá, bí n kò bá dé, kí n má wulẹ̀ dé mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò mi, mo lọ sí ilé àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé, òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. N kò kí i. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n rí, tí mo fa imú rẹ̀, mo fi orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́. Yàrá yẹn nìkan. Jẹ́ kí ìyá mi sùn níbẹ̀."

Ó fò dìde, ó ń ké bí ẹni tí oró ta. "Àǹtí, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ẹ fẹ́ fi ùkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi?" Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, òun náà kúnlẹ̀, àwa méjèèjì wá ń kúnlẹ̀ fún ara wa. Àbúrò mi sunkún. Ó búra pé kí ọkọ̀ òfurufú mi tó balẹ̀, kápẹ́ńtà á ti wà lórí ilé. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ń rì kì í wo irú okùn tí wọ́n jù sí i.

Páànù dé, kápẹ́ńtà kò dé. Kápẹ́ńtà dé, ìṣó tán. Ìṣó dé, kápẹ́ńtà ti lọ sìnkú àna rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń gbọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù látorí fóònù, láàárín ìgbà tí mò ń pààrọ̀ aṣọ fún àwọn ìyá onílùú. Ohùn Màmá ń lọ sílẹ̀. Ó ti dẹ́kun bíbèèrè nípa ilé. Ojúmọ́ ń mọ́ lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè mí. Ó kọ́kọ́ dárúkọ Ọlọ́run, mo sì ti mọ̀. Màmá ti kú ní yàrá ẹ̀yìn, ibi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àbúrò mi pè mí. Láti ìgbà tí a ti ń bọ̀, kò fi owó ara rẹ̀ pè mí rí. Ó ń sunkún tó fi ń ṣe òsúkè. "Àǹtí mi, ẹ má ronú nípa ulé o. Ẹ má ronú rárá."

Nígbà tí mo dé, n kò mọ ilé náà mọ́. Wọ́n ti wó gọ́tà náà dànù, wọ́n ti da òmíràn, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Páànù tuntun, sílíìn tuntun. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì tẹ́ táìsì sí i, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ilẹ̀kùn ń tì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kápẹ́ńtà tó ń sìnkú àna wà níbẹ̀, bàbá Odò-Orò tó kọ̀ fún mi wà níbẹ̀, àbúrò mi ló pè é. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi ṣe é. Ìsìnkú ń bọ̀, gbogbo Ayédé ni yóò wọ yàrá yẹn wá wo òkú, àwọn àna ń bọ̀ láti Ìdó, àwọn ìbátan ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé, olúkúlùkù á sì béèrè ẹni tó kọ́ ilé. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Iṣẹ́ tí n kò rí ṣe pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú owó, pẹ̀lú orúnkún mi méjèèjì, òkú ìyá mi ṣe é láì la ẹnu.

A gbé e wá láti mọ́ṣúárì ní Ìdó, a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ní yàrá iwájú. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ òfì, wọ́n ṣí fèrèsé. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń sọ pé ilé yìí mà dára o. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fa àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi í nígbà tí yóò ráyè wá wo ilẹ̀ tòun ní Òyè.

Ọ̀sán ni òjò dé. Òjò ńlá ni, irú èyí tó ń fa ẹ̀ka igi ya. Gbogbo èèyàn sá wọlé. Àbúrò mi wọ yàrá wá, ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó gbójú sókè wo sílíìn, gbogbo wa sì gbójú sókè. Omi ń dún lórí páànù, à ń gbọ́ ọ tó ń tú dànù síta.

Ó ní jẹ́jẹ́, "Àǹtí, ẹ wò ó. Kò jò."

Lóòótọ́ ni, kò jò. Mo jókòó ti ìyá mi, mo ranjú mọ́ sílíìn náà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó jò, kó jò lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ̀kán omi kan bọ́ sórí aṣọ òfì yẹn, kí n lè rí ohun tí n ó fi pariwo mọ́ ọn. Òjò náà rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.